Owó Oṣù Kọ́ Ló Ń Sọ Ọjà Di Ọ̀wọ́n: Ìwé Àwọn Baba Ọrọ̀-Ajé Níwájú Géètì Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nígbàkígbà tí òṣìṣẹ́ bá ní kí wọ́n fi kún owó oṣù òun. Wọ́n á ní, "Bí a bá fi kún owó yín, ọjà á wọ́n. Bí ọjà bá sì wọ́n, ẹ̀yin náà lẹ máa padà wá sunkún." Ìjọba ń sọ ọ́, ìwé ìròyìn ń tẹ̀ ẹ́, àwa tí a kò tilẹ̀ sí nínú àwọn tó ń gba owó náà sì ń bá wọn gbè é bí ẹni ń gbe orin. Nígbà tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, kò sí bùkà tí ènìyàn wọ̀ láti Ọ̀gbà títí dé Agége tí kò ní gbọ́ ọ: "Àwọn òṣìṣẹ́ tún ti fẹ́ ba ọjà jẹ́ o!"

Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí? Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pé ẹni tó bá ń jiyàn rẹ̀ kò kàwé ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á lọ ka ìwé náà. Ìwé mẹ́rin ni mo kó jọ sórí tábìlì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni The Wealth of Nations tí Adam Smith, ará Scotland, tẹ̀ jáde ní 1776. Èkejì ni ìwé tí David Ricardo, ọmọ London, kọ ní 1817. Ẹ̀kẹta kì í ṣe odindi ìwé, àròkọ gígùn ni, tí Arthur Lewis, ọmọ adúláwọ̀ láti erékùṣù Saint Lucia, kọ ní 1954. Ẹ̀kẹrin ni Choice, Class and Conflict tí Adrian Peace tẹ̀ jáde ní 1979. Àwọn òṣìṣẹ́ Agége àti Ìkẹjà gan-an ló kọ ọ́ lé lórí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ òyìnbó bà yín lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, owó ilé àti iṣẹ́ òòjọ́ ni gbogbo wọn ń sọ.

Ohun tí Smith wí, tí wọn kì í kà

Bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì léèrè ohun tí Adam Smith sọ, yóò ní Smith sọ pé kí ìjọba má dá sí ọ̀rọ̀ ọjà, pé ọwọ́ kan tí a kò rí ló ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ àìrí yẹn wáyé nínú ìwé náà, ìwé tó nípọn bíi bíríkì. Ohun tí Smith fi bẹ̀rẹ̀ ni pínpín iṣẹ́. Ó sọ ti ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ọkùnrin mẹ́wàá ti ń ṣe píìnì. Ọ̀kan á fa wáyà, èkejì á nà án kó tọ́, ẹ̀kẹta á gé e, ẹ̀kẹrin á pọ́n ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ kan wọ́n á ṣe 48,000. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Smith ní kò sí ẹni tí yóò lè ṣe tó ogún.

Èyí kò ṣe àjèjì sí wa. Ẹ wo búrẹ́dì Agége. Ẹni tó po ìyẹ̀fun kọ́ ló ń kó o sínú ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè ki. Ẹni tó gé e sínú agolo kọ́ ló ń dúró ti ààrò. Ẹni tó sì gbé e lérí ní ìdájí, tó ń kiri àdúgbò, lè má fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rí láyé rẹ̀. Amos Shackleford, ará Jamaica tó wá ṣiṣẹ́ réluwé ní Nàìjíríà ní 1913, tó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1921, ni wọ́n gbà pé ó mú ẹ̀rọ ìtẹ̀yẹ̀fun náà wọ̀lú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá wa fi gbólóhùn kan sọ ni Smith fi orí ìwé mẹ́ta ṣàlàyé.

Ṣùgbọ́n Smith kò fi mọ síbẹ̀. Ní apá ìparí ìwé rẹ̀ ó ní ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ kékeré kan náà lọ́jọ́ gbogbo ayé rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á kú díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ìjọba fi owó ìlú kọ́ ọmọ tálákà níwèé. Ẹni tó bá ti fi ogún ọdún dúró ti ìgò tó ń kọjá lórí ẹ̀rọ mọ ohun tí Smith ń wí. Ó tún ní nígbà gbogbo ni àwọn ọ̀gá máa ń fẹnu kò lábẹ́lẹ̀ pé àwọn kò ní jẹ́ kí owó òṣìṣẹ́ lọ sókè. Nítorí pé jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá wá kó ara wọn jọ pẹ́rẹ́n, ariwo á ta, àwọn ọ̀gá á ké sí ìjọba kí òfin wá mú wọn. Ní 1776 ló kọ ọ́ o! Kò tíì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan ní Nàìjíríà, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò tíì sí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù lọ nìyí. Smith ní àwọn oníṣòwò àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ a máa ráhùn ṣáá pé owó ọ̀yà tó ga ló ń mú ọjà wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ya ẹnu sọ ohun tí èrè tiwọn ń ṣe sí ọjà. Ó wá fi èlé owó ṣe àpèjúwe. Owó ọ̀yà tó lọ sókè dà bí èlé ṣákálá tí a kàn ń fi kún owó tí a yá. Èrè tó lọ sókè dà bí èlé tó ń gorí èlé, nítorí pé gbogbo ọwọ́ tí ọjà bá gbà kọjá ló ń lé èrè tirẹ̀ lé èrè ẹni tó ṣáájú lórí. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní òwú ₦1,000 bọ́ sọ́wọ́ ẹni mẹ́rin kó tó di aṣọ lọ́rùn yín: aránwùú, ahunṣọ, aláró àti alágbàtà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lé ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ ó ní ₦400 ni àpapọ̀ èrè. Rárá. Ẹni àkọ́kọ́ á tà á ní ₦1,100, èkejì ní ₦1,210, ẹ̀kẹta ní ₦1,331, ẹ̀kẹrin ní ₦1,464. Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ṣógúndogójì rí kò nílò kí Smith ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi Adam Smith dẹ́rù ba òṣìṣẹ́, kó kọ́kọ́ ka Smith tán.

Ricardo àti ọ̀rọ̀ onílé

David Ricardo kì í ṣe olùkọ́. Oníṣòwò ìpín ìdókòwò ni ní London, ó sì ti lówó lọ́wọ́ dáadáa kí ó tó kọ ìwé. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Òun tilẹ̀ lọ síwájú ju Smith lọ: ó ní bí owó ọ̀yà bá lọ sókè, inú èrè ọ̀gá ló ti ń jáde, kì í sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n. Ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ń pín àkàrà kan náà ni. Bí ti ẹnì kan bá tóbi, ti ẹnìkejì á kéré.

Ta ló wá ń jẹ èyí tó tóbi jù? Ricardo ní onílẹ̀ ni. Nígbà ayé rẹ̀, ní 1815, ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó dínà mọ́ àlìkámà tó ń ti òkè òkun wọlé. Àwọn onílẹ̀ ló pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Àlìkámà wọ́n, búrẹ́dì wọ́n. Òṣìṣẹ́ ò lè ṣàì jẹun, nítorí náà owó ọ̀yà gbọ́dọ̀ gòkè. Èrè ọ̀gá wálẹ̀. Ẹni tí kò tiẹ̀ kúrò lórí àga rẹ̀, ìyẹn onílẹ̀, ni owó ń rọ́ wọlé fún. Ricardo kú ní 1823. Ọdún 1846 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí Agége. Bí ìjọba bá la ọ̀nà, owó ilé á gòkè. Bí omi bá dé, owó ilé á gòkè. Ọkọ̀ réluwé Red Line tó ń gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà àti Muṣin lọ sí Oyíngbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá 2024. Owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Owó ìlú. Onílé tó wà nítòsí ìdíkọ̀ kò ru bíríkì kan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ jèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ béèrè yàrá. Fún ìdí èyí ni mo fi sọ pé nínú àwọn baba ọrọ̀-ajé, Ricardo ni ayálégbé Èkó ì bá mú lọ́rẹ̀ẹ́.

Bẹ́ẹ̀, àléébù wà lára ìwé rẹ̀. Onílẹ̀ tí Ricardo mọ̀, ọlọ́lá tó jogún ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni. Onílé Agége ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n jẹ́ rí. Owó ìfẹ̀yìntì àti àjọ ni wọ́n fi kọ́lé, yàrá kan lọ́dún yìí, yàrá mìíràn ní ọdún mẹ́ta sí i. Bàbá tó ń bínú sí lánlọ́ọ̀dù ní 1975 lè ti di lánlọ́ọ̀dù ní 1985. Ìwé Ricardo kò ní àyè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlú wa kún fún wọn.

Àléébù kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ricardo ló ṣe àlàyé ìdí tó fi yẹ kí orílẹ̀-èdè máa bá ara wọn ṣòwò. Ó ní ká ní ní ilẹ̀ Pọtogí, ọgọ́rin ènìyàn lè ṣe ọtí wáìnì tí ó yẹ fún ọdún kan, àádọ́rùn-ún ènìyàn sì lè hun aṣọ. Kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílò 120 fún wáìnì, 100 fún aṣọ. Pọtogí mọ méjèèjì ṣe ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, síbẹ̀ Ricardo ní yóò dára fún àwọn méjèèjì bí Pọtogí bá gbájú mọ́ wáìnì, tí Gẹ̀ẹ́sì gbájú mọ́ aṣọ. Ìṣirò náà pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí Ricardo fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́: ó ní olówó kì í fẹ́ gbé owó rẹ̀ kúrò ní ìlú tí wọ́n bí i sí, inú òun kò sì ní dùn bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi Ricardo polongo pé kí á ṣí ẹnubodè sílẹ̀ kì í sábà ka ibẹ̀ fún wa. Ní Ìkẹjà, owó ní ìyẹ́, òṣìṣẹ́ kò ní. Nígbà tí aṣọ òkèèrè kún ọjà, tí ilé ìhunṣọ sì ń kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, owó fò lọ. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìhunṣọ lò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọ̀kadà.

Lewis: ọmọ tiwa tó jogún ìwé òyìnbó

Arthur Lewis kì í ṣe ẹni tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i. Ní 1948 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Manchester, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ àbọ̀ ìwádìí fún ìjọba Gold Coast lórí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ní 1953, ó ṣe olùdámọ̀ràn fún Nkrumah ní 1957 sí 1958, ó sì kọ ìwé kékeré kan lórí ọrọ̀-ajé Nàìjíríà ní 1967. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Nínú àròkọ rẹ̀ ti 1954, ó sọ gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀nà Smith àti Ricardo lòun ń tọ̀.

Ohun tó sọ nìyí. Ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ènìyàn pọ̀ lóko ju iṣẹ́ oko lọ. Bí àbúrò bá fi oko ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ lọ sí ìlú, iṣu kò ní dín. Àwọn bíi tirẹ̀ tún wà ní ìgboro, àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn tó ń ta ohun wẹ́wẹ́. Nítorí náà bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá fi nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kún ohun tí wọ́n ń rí lóko, àwọn tó ń wá iṣẹ́ kò ní tán níwájú géètì. Ọ̀gá á jèrè, á fi èrè náà kọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, á gba ènìyàn sí i, títí ọjọ́ tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ yóò fi tán, tí owó ọ̀yà yóò wá gòkè fúnra rẹ̀. Lewis ní àdììtú ìdàgbàsókè ni bí ìlú tó ń fi márùn-ún pamọ́ nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ń di ìlú tó ń fi méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pamọ́.

Àlàyé náà dùn, ó sì mọ́lẹ̀ gaara. Mo gbà pé kò sí ẹni tó ṣàpèjúwe àwọn èrò tó ń tò síwájú géètì Ìkẹjà láàárọ̀ ju bí Lewis ṣe ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni mo bá a jà sí.

Èkíní, kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí aláìníṣẹ́ ni ẹni tó ń bọ̀ láti oko. Ilẹ̀ Agége fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Kí ilé-iṣẹ́ tó dé ibẹ̀ rárá, oko kòkó àti obì ló wà níbẹ̀. Réluwé tó so Èkó mọ́ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Jacob Kehinde Coker, gbajúmọ̀ oníṣòwò àti ọmọ Ìjọ Áfíríkà, dá oko ńlá sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ńlá náà sì kó ara wọn jọ di Agege Planters' Union ní 1907. Alágbàṣe ni wọ́n ń gbà, owó ni wọ́n ń san. Kí ni àwọn alágbàṣe náà ṣe? Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì mú ìmọ̀ náà àti kóró kòkó lọ sí ìlú wọn, wọ́n di olóko. Bí kòkó ṣe tàn ká ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, àwọn alágbàṣe kó ipa tó tóbi nínú rẹ̀. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní 1920 sí 1921, tí gbèsè wọ àwọn ọ̀gá Agége lọ́rùn, àwọn tí wọ́n ti gbà síṣẹ́ rí ti ń kórè tiwọn. Lewis rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, kò rí ètò tó wà lọ́kàn ẹni tó ni ọwọ́ náà.

Èkejì, Lewis fọkàn tán ọ̀gá ju bó ti yẹ lọ. Ó gbà pé èrè yóò padà di ilé-iṣẹ́. Èrè Ìkẹjà mélòó ló padà sí Ìkẹjà? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Nígbà tí òfin ìjọba ológun ní 1972 àti 1977 ní kí ọmọ Nàìjíríà ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà, ọwọ́ àwọn díẹ̀ tó ti lówó tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ wo ibi tí èrè ń gbà lọ, ẹ ó rí ilé alárinrin, ẹ ó rí òde àríyá.

Agége nínú ìwé Peace

Nígbà tó fi di ọdún 1970, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù ní Áfíríkà ti di ọ̀tọ̀kùlú. Giovanni Arrighi àti John Saul ló mú ọ̀rọ̀ yìí gbajúmọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn ga díẹ̀ ń jẹ ohun tó yẹ kó kan àgbẹ̀ àti tálákà tó kù. Adrian Peace wá ṣe ìwádìí ní Agége, láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ó sì bá ìjà kan pàdé níbẹ̀.

Ní 1970 ni ìjọba Gowon gbé ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adebo kalẹ̀ láti yẹ owó oṣù wò. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, oúnjẹ ti wọ́n. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní owó ìgbọ́bùkátà. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní àwọn ti fi kún owó tẹ́lẹ̀, pé kò kan àwọn. Ní oṣù Kìíní 1971, iná ràn. Láti ilé-iṣẹ́ kan dé òmíràn ní Ìkẹjà, òṣìṣẹ́ dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ òfin ológun ti sọ ìdaṣẹ́sílẹ̀ di èèwọ̀. Níkẹyìn, ìjọba yí ohùn padà, ilé-iṣẹ́ san owó.

Ohun tí Peace rí ni pé àwọn tí wọn kì í gba owó oṣù rárá ò bínú sí àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n wà. Ẹ̀yin ará Agége, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Bí oṣù bá parí, ìyá olóúnjẹ á ṣí ìwé àwìn, á fa igi lé gbèsè. Télọ̀ á rí owó àránsílẹ̀ gbà. Alájọ á kọjá. Onílé á kanlẹ̀kùn. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jẹ ẹran. Ìyá nílé á rí nǹkan gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń lọ sílé. Owó oṣù ẹnì kan kì í ṣe owó ẹnì kan. Nítorí náà Peace ní aṣáájú mẹ̀kúnnù ni òṣìṣẹ́ Ìkẹjà. Bí ó bá jà tó ṣẹ́gun, odindi àdúgbò ló jẹun. Ó sì tún rí ohun tí Lewis kò rí: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ náà kò fẹ́ kú sí ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ kó owó jọ, kí wọ́n lọ dá òwò tiwọn sílẹ̀. Ohun tí àwọn alágbàṣe kòkó ṣe lórí ilẹ̀ kan náà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú ni.

Bí ẹ bá bi mí, ìwé yìí ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé onítọ̀hún lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Àléébù rẹ̀ ni pé èdè àwọn ọ̀mọ̀wé ló fi kọ ọ́, èdè tó le bí ẹ̀kùrọ́. Àwọn tí ó kọ ìwé náà lé lórí kò lè kà á. Ìtàn náà sì dúró ní àkókò tí géètì ṣì ń ṣí, tí fèrè iṣẹ́ ṣì ń dún.

Udoji ń kọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ já mi níyàn á ní, "Ìwọ oníwèé ìròyìn, ṣé o gbàgbé Udoji ni?" Mi ò gbàgbé. Ní 1975 tí wọ́n san owó Udoji pẹ̀lú gbèsè oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà gbówó lérí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó oṣù nìkan ló wọ ọjà lọ́dún náà. Owó epo rọ̀bì tó ti fò sókè láti ìparí 1973 ni ìjọba ń ná bí ẹni ń da omi. Ní ọdún kan náà, ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì dí èbúté Èkó pa, ọjà ò rí ọ̀nà wọlé. Owó pọ̀, ọjà ò sí; onílé àti alágbàtà sì rí àyè. Ìgbìmọ̀ Adebo ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí ìjọba bá fi kún owó oṣù láìmójútó oúnjẹ àti owó ilé, asán ni. Wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, wọ́n da ìkìlọ̀ nù.

Ẹ wá jẹ́ kí á yí ọ̀rọ̀ náà sódì kí á wò ó. Bí owó oṣù bá ló ń mú ọjà wọ́n, a jẹ́ pé ibi tí owó oṣù bá ti wálẹ̀, ọjà á rọ̀, ilé-iṣẹ́ á sì pọ̀. Àwa ti dán an wò. Ní 1981, owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ ₦125. Dọ́là kan kò tó 70 kọ́bọ̀ nígbà náà, nítorí náà owó náà sún mọ́ 200 dọ́là. Lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, náírà tó ń ju dọ́là lọ tẹ́lẹ̀ di nǹkan bíi mẹ́rin sí dọ́là kan ní 1987. Ní 2024 tí wọ́n kéde ₦70,000, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Owó náà kò tó 50 dọ́là. Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà di ọ̀kan nínú àwọn tí owó wọn kéré jù láyé. Ṣé ọjà rọ̀? Ṣé ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí i?

Ẹ rìn gba títì Oba Akran kọjá kí ẹ fojú ara yín rí i. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ti lọ. Wọ́n ṣì ń pọntí ní Ìkẹjà, wọ́n ṣì ń ṣe oúnjẹ alágolo ní Agídíǹgbì. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ti dákẹ́. Dunlop, tó ń ṣe táyà ní Ìkẹjà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 síwájú, dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní 2008. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti táyà tó ń ti òkè òkun wọlé ni gbogbo ènìyàn ń sọ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ti di ilé ìjọsìn, àká ìkẹ́rùsí àti gbọ̀ngàn àríyá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo gbọ́ pé owó oṣù tó pọ̀ jù ló pa á.

Ohun tí mo rí dì mú

Èmi ò sọ pé owó oṣù kò kan ọjà rárá. Ilé búrẹ́dì kékeré tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá á mọ̀ ọ́n lára bí owó wọn bá gòkè lójijì, irọ́ ni ẹni tó bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀ka kan ṣoṣo ni owó oṣù jẹ́ lára igi tó ní ẹ̀ka púpọ̀, òun nìkan sì ni wọ́n ń nà ní pàṣán. Smith ní kí a wo èrè. Ricardo ní kí a wo owó ilé àti ilẹ̀. Lewis ní kí a wo ibi tí èrè ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò wò ó tó. Peace ní kí a ka iye ẹnu tó ń jẹ lára owó oṣù kan.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan, tàbí ilé ìtẹ̀wé kan, yọ àwọn orí tó ṣe kókó nínú ìwé Smith jáde ní Yorùbá, kí wọ́n sì tà á ní iye tí òṣìṣẹ́ lè rà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, bí ọ̀gá kan bá tún dúró níwájú yín tó ní owó yín ló fẹ́ ba ọjà jẹ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í léèrè: nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń ta ọjà yín, kọ́bọ̀ mélòó ló jẹ́ owó wa? Mélòó ni ti dísù tí ẹ ń rọ sí jẹnẹrétọ̀? Mélòó ni èlé báǹkì, mélòó ni owó ilẹ̀, mélòó ni èrè? Bí ó bá ka gbogbo rẹ̀ fún yín láìfi ọ̀kan pamọ́, ẹ bá a jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ ti di ti àgbà. Bí ó bá ka ti yín nìkan, ẹ ti mọ èyí tó ń fi pamọ́.